Irunmú Alága àti Ìfófó Bíà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kọ́kọ́ gbé ife yín sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, bí bíà bá wà lẹ́nu ẹni tó ń gbọ́ ọ, ó lè gba imú jáde, n ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá mi fa wàhálà aṣọ tó bàjẹ́.

Ọkùnrin kan wà nílùú wa tí ìjọba fi ṣe Alága Ìgbìmọ̀ Ìtọ́wò Bíà. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ò ju kí wọ́n tọ́ bíà wò, kí wọ́n sì sọ bóyá ó dára tàbí kò dára. Iṣẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàn wá. Ṣùgbọ́n ẹ fún aláṣejù ní ìgbálẹ̀, á ní òun ti di ọba eruku.

Ohun tó gbayì jù lára Alága yìí ni irunmú rẹ̀. Ẹ má fi wé irunmú tí ẹ mọ̀ o. Ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ imú, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì kọjá, ó wá ká sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí bí ìwo àgbò. Láràárọ̀ ni Alága ń fi ìpara ọlọ́ràá pa á, tí á máa fi ìka méjì lọ́ ọ, títí á fi máa dán gbinrin. Ìyàwó rẹ̀ sọ pé ọ̀rá tí irunmú yẹn ń mu lọ́sẹ̀ kan tó èyí tí òun lè fi dín ẹyin fún gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n ta ló bi ìyàwó?

Bí Alága bá dé ibi iṣẹ́, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ á ti tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Akọ̀wé á wà níwájú pátápátá.

“Ẹ káàárọ̀ o, Alága wa! Atọ́wò-má-gbé-mì! Ahọ́n tó ju ahọ́n lọ!”

Alága á kàn dúró, á gbójú sókè.

“Irunmú ńkọ́, sà? Ṣé wọ́n sùn dáadáa?”

Ìgbà yẹn ni Alága á tó yọ eyín. “Wọ́n sùn. Apá òsì ló ń ro wọ́n díẹ̀.”

“Áà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o!” ni gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á fi ohùn kan sọ. Ọkùnrin kan tiẹ̀ wà láàárín wọn tó máa ń sunkún sí i, omijé gidi. Bàbá tó ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ní ẹsẹ̀ tó ń ro ó, ó tó Akọ̀wé bí lọ́mọ, “ìwọ yìí” ni wọ́n sì ń pè é.

Ẹ má rò pé irunmú yẹn kàn wà fún ẹwà lásán. Òun gan-an ló ń darí ìgbìmọ̀. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ò fi ẹnu ara wọn mọ adùn bíà rí láyé wọn, irunmú ni wọ́n ń wò. Bí apá ọ̀tún bá gbéra sókè, wọ́n á pariwo pé, “Háà, ó dùn!” Bí apá méjèèjì bá wálẹ̀, wọ́n á máa tutọ́ sílẹ̀. Láti fi ìfẹ́ hàn, gbogbo wọn ló dá irunmú tiwọn sí, ìpara kan náà ni wọ́n sì ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ẹni tí irun ò hù fún lára wọn ń fi pẹ́ńsù dúdú yà á, á wá fi ìpara pa ibi tó yà.

Ní ọjọ́ kan tí kò síṣẹ́ láti ṣe, irú ọjọ́ tí òfin burúkú máa ń jáde, Alága na ìka sókè.

“Ẹ mú bírò! Ìfófó funfun tí ẹ̀ ń rí lórí bíà yẹn, adé bíà ni. Bíà tí adé bá ṣí lórí rẹ̀ kí èmi Alága tó parí ọ̀rọ̀ ìkíni mi, bíà ọ̀tẹ̀ ni! Bíà tí kò mọ àgbà ni! Bíà tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni! Kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n sì ti ilé tó ti wá.”

“Ẹ̀kọ́ ilé!” Akọ̀wé ń fi aṣọ nu ojú. “Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, ẹ sọ fún mi, ta ló tún lè ronú kan ẹ̀kọ́ ilé bíà?”

Kò sí ẹni tó lè ronú kàn án. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí tíì tí wọ́n ń mu fi tutù.

Ṣùgbọ́n kí Alága tó kíni, ó ní láti kọ́kọ́ gbóòórùn. Kì í gbé ife sí imú bí ọmọ èèyàn o. Á tẹ̀ síwájú, á ti irunmú bọ inú ìfófó náà, apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà apá òsì, bí ẹni ń ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ìkíni Irunmú ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bó bá ṣe tán, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ á ti tiwọn bọ ife tiwọn, àti onírun gidi àti onírun pẹ́ńsù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fọ abọ́ ọlọ́ràá rí, tí ẹ rí bí ìfófó ọṣẹ ṣe ń sá lọ bí ọ̀rá bá ti dé, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fáwọn tó kù.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ti àwọn ilé bíà ìlú wa pa lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú yàrá ìgbìmọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń wà ní títì. Bíà á dé iwájú Alága, ìfófó á gun ún gègèrè. Irunmú á wọlé, irunmú á jáde. Kí Alága tó kí àwọn àlejò pàtàkì tán, tí kò sì sí àlejò kankan níbẹ̀, bíà á ti tẹ́ bí omi ìṣanwọ́. “Òmíràn tún nìyí tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé!” Akọ̀wé á kígbe, ó di ìwé pupa lára ilẹ̀kùn onílé, ó di kí wọ́n da àgbá bíà sí gọ́tà. Ewúrẹ́ ìlú wa mu bíà lọ́dún yẹn ju èèyàn lọ. Ewúrẹ́ aládùúgbò mi kan wà tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́ títí dòní.

Nígbà tó yá, ó ku ilé kan ṣoṣo.

Obìnrin kan ló ni ín, Apọntí la máa ń pè é. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé àwọn ìkòkò irin ńlá sí ẹ̀yìn ilé, ó to tábìlì sí iwájú, ó wá ń pọn irú bíà tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní péèlì éèlì: bíà aláwọ̀ oyin, tí òdòdó kíkorò kan tí wọ́n ń sè mọ́ ọn máa ń jẹ́ kó korò díẹ̀ lẹ́nu, kó sì máa ta sánsán bí èèpo ọsàn. Ó pọn ọ́n, ó bàjẹ́. Ó tún un pọn, ó dà bí omi àgbo. Kò káàárẹ̀. Èyí tó wà nínú ìkòkò ní àsìkò tí mò ń sọ yìí ni àkọ́kọ́ tó tọ́ wò tó sì rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ fẹ́ wá, ó ń fọ ife, ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ bíà.

“Màmá, wọ́n ní kò tíì sí ẹyọ bíà kan tó yege.”

“Gbogbo bíà ìlú ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Họ́wù! Bí gbogbo oúnjẹ bá ń korò lẹ́nu èèyàn, ẹnu ló yẹ kó lọ fọ̀.”

“Ẹ dákun, Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá dé. Tí wọ́n bá fi lè lẹ ìwé pupa yẹn mọ́ ilẹ̀kùn mi, ó parí nìyẹn. Gọ́tà ni gbogbo ẹ̀ ń lọ. N ò tún ní ọkàn tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀.” Ẹ̀rù ń bà á gan-an, kò sì tiẹ̀ gbìyànjú àtifi pamọ́.

Màmá wò ó. “Gbé àwọn ife yẹn wá, kí n bá ẹ nù wọ́n,” ló sọ, kò sì tún bú ẹnikẹ́ni mọ́ títí wọ́n fi ṣe tán.

Nítorí pé ilé tó kẹ́yìn nìyí, Alága ní gbangba ni òun máa ti tọ́ ọ wò, kí ará ìlú lè rí bí òun ṣe gba ìlú lọ́wọ́ bíà burúkú. Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n kó wá. Òun wà nínú ọ̀kan, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fún ara wọn pọ̀ sínú èkejì, àga Alága sì dá jókòó nínú ẹ̀kẹta. Gbogbo àdúgbò ti dé: mẹkáníìkì, oníṣẹ́ omi ẹ̀rọ, àti onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tó tiẹ̀ gbàgbé láti bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Apọntí fa bíà náà sínú ife fẹ̀sọ̀fẹ̀sọ̀. Ó mọ́ gaara, ìfófó rẹ̀ funfun, ó sì le. Ó gbé ti Alága síwájú Alága, ó fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, ó fún àwọn èrò. Ó fún Màmá náà ní tiẹ̀, torí kò sí ohun tí wọ́n ń tọ́ wò nínú ilé yẹn kí Màmá má bá wọn tọ́ ọ wò.

Irunmú kí bíà. Àwọn irunmú yòókù náà kí bíà. Alága bá dìde.

“Ẹ̀yin àlejò pàtàkì! Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ láyọ̀ láti rí mi! Nígbà tí wọ́n bí mi, ahọ́n mi ni ó kọ́kọ́ jáde! Dókítà wò ó, ó ní, ‘Èyí kì í ṣe ahọ́n lásán!’ Mo ti tọ́ kíkorò wò, mo ti tọ́ dídùn wò, mo ti tọ́ ohun tí kò tíì ní orúkọ wò! Ìgbà tí mo wà ní kékeré…”

Alága ò tíì dàgbà kúrò ní kékeré tí ìfófó orí bíà rẹ̀ fi ká lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń dín kù, tó ń dín kù, tó sì tán. Àwọn ife ìgbìmọ̀ náà tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ.

“Ẹ wò ó!” Akọ̀wé ti fa ìwé pupa yọ. “Kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé!”

Apọntí gbá tábìlì mú. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

“Tèmi ṣì wà níbí o,” ni Màmá wí.

Gbogbo ojú yí sí i. Ife wà lọ́wọ́ Màmá, ìfófó dúró lórí rẹ̀ digbí. Mẹkáníìkì wo tiẹ̀, ó wà digbí. Ti oníṣẹ́ omi náà wà digbí.

“Ife ọ̀dàlẹ̀ ni!” Akọ̀wé kígbe.

“Ẹ gbé e wá,” Alága pàṣẹ. “Irunmú á kí i fúnra wọn.”

Ó ti irunmú bọ ife Màmá. Ẹ̀yin èèyàn mi, níṣojú gbogbo wa, ìfófó náà wí pé ṣììì, ó sì relé.

“Háà!” ni gbogbo ilé.

“Ẹ wá kí tèmi náà ká wò ó,” ni oníṣẹ́ omi wí. Alága kí i. Ṣììì! Alága ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ó já ife gbà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Ṣììì! Ara rẹ̀ wá gbóná, ó ń sáré láti tábìlì dé tábìlì, ó ń ki irunmú bọ ohun tí kì í ṣe tiẹ̀, àwọn èèyàn sì ń gbé ife pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Mẹkáníìkì gun orí àga. “Ẹ má sún mọ́ mi o! Mo bẹ̀ yín, mo níyàwó nílé!”

“Alága,” ni Màmá wí, “ọ̀rá inú irun yín ló ń pa á. Ẹ̀yin gan-an ni.”

Apọntí fi tábìlì sílẹ̀. Ìbẹ̀rù ti kúrò lójú rẹ̀, inú ló ń bí i wàyí. “Gbogbo bíà tí ẹ dà sí gọ́tà! Gbogbo ilé tí ẹ tì! Ẹ̀yin lẹ ń pa á, ẹ wá ń sọ pé àwa la ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé?”

Ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n dákẹ́ níbí yìí. Ó yẹ kó ní inú ń run òun, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

“Irunmú tèmi!” Alága bú ramúramù. “Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará ìlú! Bí irunmú yìí bá tún pa ìfófó kan ṣoṣo sí i nílé yìí, kí wọ́n fá a! Kí wọ́n fá a níṣojú gbogbo ayé!”

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. “Ó dára bẹ́ẹ̀! Kí wọ́n fá a!” Akọ̀wé ló síwájú wọn. Ẹ má dá wọn lẹ́bi jù. Ẹni tó bá ti ń wí “bẹ́ẹ̀ ni, sà” láti àárọ̀ ọjọ́, “rárá” kì í gbọ́nà ẹnu rẹ̀ jáde mọ́.

Apọntí fa ife mìíràn, ó gbé e síwájú rẹ̀. Alága fi ṣóńṣó apá òsì kàn án, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí.

Ṣììì.

“Mo wà níbí o,” ni onígbàjámọ̀ wí, ó ti ń gbọn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Alága ń wò yíká pé ta ni yóò gba òun. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ gbé e, wọ́n gbé e ka àga rẹ̀, wọ́n dì í mú. “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ gbórí sókè díẹ̀, sà. Àṣẹ yín là ń tẹ̀ lé, sà.” Abẹ fẹ́lẹ́ lọ, ó bọ̀. Apá ọ̀tún jábọ́, apá òsì jábọ́, ọkùnrin tó máa ń sunkún gbé wọn sínú hańkaṣíìfù, ó sì sunkún. Ètè tó yọ jáde lábẹ́ wọn kéré, kò sì tíì rí oòrùn láti ìgbà èwe.

Alága dìde. “Ẹ lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn obìnrin yìí kíákíá!”

Akọ̀wé wò ó látòkè délẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Alága ni ìgbìmọ̀ ń retí.”

“Èmi ni Alága!”

Wọ́n wo abẹ́ imú rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n mi orí. Mo bẹ̀ yín, wọn ò ṣe àwàdà o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ọkùnrin yìí, wọn ò wo ojú rẹ̀ rí.

“Ta ló máa wá sọ bóyá bíà mi yege?” Apọntí béèrè.

“Alága nìkan,” ni Akọ̀wé wí. “Bí Alága ò bá sì sọ̀rọ̀ kí a tó dìde, ìwé pupa náà ni. Òfin ni.”

Ẹ gbà mí! Apọntí kàn wó sórí bẹ́ǹṣì ni, ó gbé orí lé ọwọ́. Kò sì sí ẹni tó bojú wo ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá yẹn àfi Màmá. Ọ̀fun ọkùnrin náà ti gbẹ. Ó jókòó, ó fa ife kan tí irunmú ò tíì kí mọ́ra, ó gbé e sẹ́nu. Atọ́wò-má-gbé-mì gbé e mì. Ó tún gbé e mì, gùrù-gùrù, ó wá gbé ojú sókè.

Ìfófó funfun ti lẹ̀ mọ́ ètè rẹ̀, ó nípọn, ó gùn láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Alága wa!” Akọ̀wé fò dìde. “Ẹ káàbọ̀, sà! Irunmú ti funfun! Ọgbọ́n ti dé!” Gbogbo ìgbìmọ̀ dìde, wọ́n ń forí balẹ̀.

Alága na ọwọ́ sókè. “Ẹ̀yin àlejò pàtàkì! Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ láyọ̀ láti…”

Ìfófó kán tótó sí àyà rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jókòó,” ni Akọ̀wé wí.

Ó tún mu. Wọ́n tún dìde. “Nígbà tí wọ́n bí mi, ahọ́n mi…” Ó kán. Wọ́n jókòó. Àwọn èrò ti ń yí gbiri nílẹ̀, ẹ̀rín ti mú mẹkáníìkì jábọ́ lórí àga. Apọntí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ife tuntun síwájú ọkùnrin náà, ó rọra sọ fún un létí.

“Ẹ gé e kúrú, sà. Mo bẹ̀ yín.”

“Kí ni kí n wá sọ?” Ohùn rẹ̀ ti di kékeré.

“Ṣé ó dùn lẹ́nu yín?”

Ọkùnrin náà wo ife. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe alága, ẹnikẹ́ni ò bi í ní ìbéèrè yìí rí.

“Ó dùn,” ló wí. “Ó dùn gan-an.”

“Ẹ kúkú sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó mu. Wọ́n dìde. “Ó dùn!” ló ké.

“Alága ní ó dùn!” Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ mọ́lẹ̀ gbà! “Ó dùn!” ni gbogbo ìgbìmọ̀ ń pariwo. Apọntí fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó bú sẹ́kún ayọ̀, ìró rẹ̀ dé ìta.

Màmá fi ìgbúnwọ́ gún ọkùnrin náà. “Àwọn ilé tí ẹ tì ńkọ́?”

Ó tún gbé ife sẹ́nu. “Ẹ ṣí gbogbo wọn!” Gbà! ni òǹtẹ̀.

Nígbà tí ìfófó wálẹ̀, Akọ̀wé ní kí bàbá náà jọ̀wọ́ dìde lórí àga Alága. Wọ́n gbé àga náà sínú ọkọ̀ tiẹ̀, wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ ọn, wọ́n sì lọ. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà sọ pé Akọ̀wé ń bá àga sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ilé iṣẹ́: “Ṣé atẹ́gùn ò pọ̀ jù, sà?”

Apọntí gbé àpótí kékeré kan wá fún ọkùnrin náà, ó fa bíà mìíràn fún un. Ó jókòó láàárín mẹkáníìkì àti oníṣẹ́ omi, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì ti gbé ife kúrò lẹ́nu, á yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dìde kí i.